Oúnjẹ Tí Bàbá Mi Ń Dá Padà

Bàbá mi, káfíńtà Òkè-Ọjà, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdánìkanjókòó, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Karmo, l'Àbújá níbí, orúnkún méjèèjì ló kanlẹ̀, ẹ má wò ó pé ẹ ò rí mi. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Délé nígbà tí wọ́n bá ti Ìbàdàn wá wò yín. Ẹ bá mi kí Alhaja tó múlé tì wá, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ má sì gbàgbé adẹ́mu tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá fún yín láràárọ̀. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Tọ́mi ọmọ yín náà kí yín, àmọ́ òyìnbó ló fi kí yín, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Àbújá ni, ó ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni ń jẹ̀kọ, sísọ ni kò fẹ́ sọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi tí mo sì gbé e síta kí tolórí tẹlẹ́mù máa kà á. Ọ̀rọ̀ yín ti kúrò nínú yàrá ni, Bàbá. Ó ti dé ọjà, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé Ìbàdàn, ó sì wá bá mi ní Àbújá. Wọ́n ní láti ìgbà tí Màámi ti fi wá sílẹ̀, ẹ ò jẹun mọ́. Wọ́n ní àwọn obìnrin ìjọ Màámi gbé oúnjẹ wá fún yín, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n gbé e padà. Wọ́n ní inú ń bí yín sí ìjọ, pé ẹ gbà pé iṣẹ́ ìjọ ló pa ìyàwó yín. Ẹ̀gbọ́n Délé pe gbogbo àwa ọmọ jọ lórí fóònù, a sì fẹnu kò pé kí a kó yín kúrò nínú ilé yẹn, kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi kí ebi àti ìbànújẹ́ má baà mú yín lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí yín, wọ́n ní èmi ni ẹ kì í lè sọ pé rárá fún. Mo mú bíírò lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n rán mi kọ́ ni mo ń kọ báyìí. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe wá.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo ṣì wà níbi ìfọṣọ ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Maitama. Lójoojúmọ́, aṣọ ibùsùn funfun ló ń wọlé, aṣọ ibùsùn funfun ló ń jáde. Tí mo bá jáde ní Karmo láàárọ̀, tí òjò bá ti rọ̀, inú ọ̀rá ni mo ń kó bàtà mi sí títí n ó fi bọ́ nínú ẹrẹ̀. Ní Maitama kò sí ẹrẹ̀, kò sì sí ènìyàn lójú títì. Gbogbo wọn wà nínú mọ́tò, gíláàsì dúdú. Ẹ lè rin òpópónà kan tán láìrí ẹni tí ẹ ó kí ní ẹ kú àárọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹnu ń yún mi. Mo wá rò ó pé ibi tí Màámi ò lè gbé nìyí, wọn á kú kí wọ́n tó rẹ́ni kí.

Hajara la jọ ń lọ aṣọ, ọmọ Hausa ni. Òun ni mo ń rí kí níbẹ̀. Ó á ní sànnu, màá ní yauwa, ìyẹn á tó wa di ọ̀sán. Ní oṣù tí mo padà dé láti ibi ìsìnkú, mo ń lọ aṣọ kan lọ́wọ́, bí áyọ́ọ̀nù ṣe kan ibi tó tutù, tí ooru rẹ̀ gbà mí lójú, Màámi ni mo rí. Mo rí wọn pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú wọn lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ń lọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ Olúwa. Wọ́n á fi ọwọ́ wọ́n omi sí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti etí, wọ́n á ní kí n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí n má fẹsẹ̀ gbá eruku sí i. Mo kọjú sí ògiri. Hajara gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ó bá mi lọ ìyókù. Bàbá, ẹkún Màámi ò tíì tán lójú mi.

Àwọn tó ń kà á tí wọn ò mọ Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún wọn. Ìjọ tí ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì ni ìyá mi ń ṣe. Nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́, kò tíì sí ju ènìyàn díẹ̀ lọ tó ń ṣe é nílùú wa. Tíṣà kan tó ti ṣiṣẹ́ lókè Ọya ló gbé ìwé rẹ̀ dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tọkọtaya òyìnbó kan dé, àwọn méjèèjì ti hewú, òógùn ò jẹ́ kí wọ́n ríran. Odò tí àwa ọmọdé ń pọnmi níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún Màámi. Ẹ̀gbọ́n Délé wà lẹ́yìn aládùúgbò kan létí odò, wọ́n ń ké, wọ́n rò pé òyìnbó fẹ́ ri ìyá àwọn sómi. Ìlú ní ìjọ tí wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó rẹpẹtẹ ni. Àwọn tó ń sọ ọ́, ìyàwó mẹ́ta-mẹ́rin ló wà nílé wọn. Màámi á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òfin ìjọ àwọn ò fàyè gba ju ẹyọ kan lọ, kí àwọn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wá gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ẹ̀yin náà fẹ́ẹ́ wọ̀ ọ́, Bàbá, ẹ má sẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ jókòó gbọ́ gbogbo ìwàásù, ẹ ń mi orí. Ìgbà tó kan ohun tí ìjọ kà léèwọ̀, tí tíṣà túmọ̀ rẹ̀ pé tábà, tíì, kọfí, ọtí, ẹ bi í pé ṣé ẹmu wà nínú ọtí. Tíṣà ní ó wà níbẹ̀. Ẹ dìde, ẹ bọ òyìnbó lọ́wọ́, ẹ ní kí ìyàwó yín máa tẹ̀ lé wọn lọ, ẹ̀yin á máa ṣọ́lé. Àmọ́ ibo ni wọ́n ti kọ́kọ́ sìn? Ṣebí ṣọ́ọ̀bù yín ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Màámi á gbá gbogbo èérún pákó, wọ́n á kó igi apá àti ìrókò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á da ṣọ́ọ̀bù káfíńtà di ilé Ọlọ́run. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí ọ̀run ṣe ń rùn nìyẹn, òórùn pákó tútù. Ẹ̀yin lẹ kan gbogbo bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì jókòó lórí ọ̀kankan lọ́jọ́ ìsìn. Bí àwọn ará ìjọ bá ní ìgbà wo lẹ ń bọ̀, ẹ ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, ẹ ó ní, “Ọwọ́ mi ti ṣe ìrìbọmi tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyókù ara máa bọ̀ lẹ́yìn.”

Ìyókù ara ò dé mọ́ títí tí wọ́n fi kọ́ ilé ìsìn tiwọn, tí wọ́n kó bẹ́ǹṣì lọ. Màámi ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ò fi ọ̀rọ̀ ìjọ da ilé rú mọ́ yín lọ́wọ́ rí. Wọ́n tiẹ̀ ń fọ ife ẹmu yín.

Màámi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn obìnrin, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe é. Kì í ṣe ipò tí wọ́n ń wé gèlè gàgàrà fún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Méjì-méjì ni wọ́n ń pín ara wọn kí wọ́n máa yà nílé ara wọn, kí ẹnì kankan má ṣàìsàn kí ó jẹ́ ẹnu èrò ọjà ni wọ́n á ti gbọ́. Tí ọ̀nà bá jìn, tí àwọn tó kù bá ní orí ń fọ́ wọn, Màámi á gbé báàgì. Wọ́n wẹ ọmọ tuntun fún ẹni tí kò ní ìyá. Tí ọmọ bá kú mọ́ obìnrin lọ́wọ́, wọn ò ní wàásù fún un, wọ́n á kàn jókòó tì í, wọ́n á máa bá a ṣa ẹ̀wà. Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí afárá já, tí mọ́tò oníbúrẹ́dì ò lè wọ̀lú. Ìjọ ti pé, kò sí búrẹ́dì fún oúnjẹ Olúwa. Màámi sáré wálé, wọ́n se iṣu, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó sínú àwo, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Mo jẹ iṣu náà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ dáadáa nìyí, torí òun ló bí ọ̀rọ̀ tí a wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, gbogbo ìjọ Màámi ló ń gbààwẹ̀. Wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mu, di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí èèyàn ì bá jẹ lọ́jọ́ náà, aláìní ni wọ́n ń fún. Lọ́dọ̀ Màámi, kò tó kí èèyàn kàn fi nǹkan sínú àpò ìwé kí ó fà á lé ìjọ lọ́wọ́. Wọ́n ní oúnjẹ tí o ò jẹ lónìí, ó ní ẹni tó ni ín níbì kan, dìde, wá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn obìnrin ìjọ pé kí wọ́n máa dáná lọ́jọ́ ààwẹ̀ gan-an, kí wọ́n gbé e tọ opó lọ, kí wọ́n gbé e tọ abiyamọ, kí wọ́n gbé e tọ àgbàlagbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìdálẹ̀. Òórùn ìrẹsì á gba ilé kan, àwa á máa gbé itọ́ mì. Wọn kì í tọ́ ọbẹ̀ ọjọ́ náà wò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀.

Ẹ̀yin ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń bù fún, Bàbá. Ẹ kì í ṣe ará ìjọ, ebi ìjọ ò kàn yín. Wọ́n á gbé e ka iwájú yín, wọ́n á fa àpótí ìdáná wọn wá, wọ́n á jókòó tì yín títí ẹ ó fi jẹun tán. Ẹ̀yin, ìwà yín! Lóṣooṣù, ẹ ó mú òkèlè kan, ẹ ó fajú ro, ẹ ó ní iyọ̀ ò dé ọbẹ̀ yìí o, kí wọ́n jọ̀ọ́ tọ́ ọ wò. Màámi á gbé ojú sókè, wọ́n á ní iyọ̀ dé e. Ẹ ó ní kò dé e, kí wọ́n kàn fi ahọ́n kàn án. Àwa ọmọ á ti máa tẹ̀ nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹ ò rí wọn mú lọ́jọ́ kan.

Lóòótọ́, ẹ máa ń ráhùn. Mo gbọ́ ọ létí ara mi tí ẹ ní ìjọ wá tọrọ ìyàwó yín lọ lò fún ọjọ́ kan, wọn ò dá a padà mọ́. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ, ẹ kì í rọra sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn làwọn ènìyàn rántí nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn.

Màámi wá sí Àbújá lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí mo bí Tọ́mi. Mo ní kí wọ́n sinmi. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ sinmi? Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti mọ gbogbo ojúlé tó wà lágbo ilé wa ní Karmo. Wọn ò gbọ́ Hausa, wọn ò gbọ́ Gbagyi, òyìnbó wọn ò ju káàárọ̀ lọ. Wọ́n á kàn wọlé tọ obìnrin tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n á gba ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Lọ́jọ́ tí mo mú wọn lọ sí Ushafa láti lọ wo àwọn amọ̀kòkò, ìkòkò omi kan wù wọ́n. Mo rà á. Wọ́n ní kí n máa lò ó níbí, kí n máa bu omi tútù fún ẹni tó bá yà. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, iwájú rẹ̀ ni mo jókòó sí, n ò lè bu omi inú rẹ̀ láìsunkún.

N ò bá wọn láyé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní ara wọn ò yá, mo ń bọ̀ wá wò wọ́n, mo wà ní Lọ́kọ́ja nínú mọ́tò nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Délé pè, wọn ò tiẹ̀ lè sọ ọ́ tán. Mo dé, mo bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń fá pákó. Pósí ni. Ẹ ò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án. Nínú yàrá, àwọn obìnrin ìjọ ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń wọ aṣọ funfun fún wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ara wọn, wọ́n ń rọra kọrin. Ẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn rò pé ẹ fẹ́ wọlé, wọ́n yà fún yín. Ẹ ò wọlé. Ẹ bi mí pé, “Ṣé wọ́n bo ẹsẹ̀ rẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù.” Mo ní wọ́n bò ó, Bàbá. Ẹ padà sídìí pákó yín.

Ìgbà tí mo padà sí Àbújá ni ìròyìn wá bẹ̀rẹ̀. Sístà Fúnmiláyọ̀ tó di olórí àwọn obìnrin lẹ́yìn Màámi ló kọ́kọ́ pè mí, omijé lójú. Ó ní àwọn gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún yín, ẹ ò ṣílẹ̀kùn, ẹ ti inú ilé sọ pé kí wọ́n gbé e padà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún pè, bákan náà. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, wọ́n gúnyán, wọ́n ní bóyá ìrẹsì lẹ ò fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ. Ó ní àwọn gbọ́ ohùn yín, ó gbẹ, kò ní okun nínú. Èmi tí mo wà lókèèrè, kí ni mo fẹ́ rò? Mo rò pé ebi lẹ fẹ́ fi tẹ̀ lé Màámi. Mo pè yín, ẹ ní ara yín le. Ṣebí ohun tí gbogbo bàbá ń sọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Délé ṣe pe ìpàdé, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù kúrò nínú yàrá kejì.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ jókòó kọ ìwé tí wọ́n rán mi, Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù ni. Ìjọ Màámi ni èmi náà ń lọ níbí, mo ti ìsìn dé, mo sì ń gbààwẹ̀. Ọgbẹ́ inú tó ń yọ ọkọ mi lẹ́nu kì í jẹ́ kó gbà á, mo wá dáná fún un. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yín kí n tó kọ̀wé. Ẹ ò gbé fóònù. Mo pe Alhaja. Mo kí wọn tán, mo rò fún wọn pé Bàbá wa ò jẹun mọ́, a fẹ́ kó wọn wá sí Àbújá, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá wa pàrọwà sí yín. Ni Alhaja bá bi mí pé ta ló ní Káfíńtà ò jẹun. Wọ́n ní Káfíńtà tó jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ àwọn lánàá, tó tún ní kí wọ́n fi ata sí tọ̀la? Wọ́n ní ọjọ́ wo gan-an làwọn obìnrin wọ̀nyẹn ń gbé oúnjẹ wá?

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Àfi ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù. Ọjọ́ tí Màámi ti kọ́ wọn pé kí wọ́n máa gbé oúnjẹ tọ ẹni tó bá dá wà lọ.

Alhaja bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dà bí ẹkún. Wọ́n ní, “Ọkùnrin yẹn ń gbààwẹ̀ ni, Bọ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀, ẹ ò dá aláàwẹ̀ mọ̀?”

Wọ́n wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ náà, ẹ ó ti dá adẹ́mu padà láàárọ̀ kùtùkùtù. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ò torí òyìnbó gbé sílẹ̀! Wọ́n ní ẹ ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ẹ ó gbé àpótí ìdáná Màámi sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ó jókòó lé e láti àárọ̀. Wọ́n ní ẹ ò mọ ìgbà tí ìjọ ń ṣínu, ẹ ò sì fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí náà ladáànì lẹ ń dúró dè. Tí ó bá ti pe ìrun àṣálẹ́ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ẹ ó bu omi mu, Alhaja á sì na abọ́ sí yín lórí ọgbà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń na tiwọn nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáànì. Wọ́n ní àwọn bi yín lẹ́ẹ̀kan pé kí lẹ ń gbààwẹ̀ lé lórí. Ẹ ní, “Ó jókòó tì mí lóṣooṣù, ebi ń pa á, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Èmi náà fẹ́ mọ bó ṣe rí.”

Bàbá mi. N ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ mi sáré wọlé, ó rò pé wọ́n tún túfọ̀ òkú fún mi. Mo kàn ń na fóònù sí i. Lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà pa ni lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ẹ wo àwọn obìnrin tí ẹnu wọn gbẹ fún ààwẹ̀, tí wọ́n ru iyán lórí, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ẹnu tirẹ̀ náà gbẹ. Wọ́n ń bínú pé kò jẹ, òun náà ń bínú pé wọ́n ń fi òórùn oúnjẹ yọ òun lẹ́nu. Ká ní Màámi wà láyé, wọn ì bá fi orí gbá ògiri fún ẹ̀rín.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Délé. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn imú. Wọ́n ní kí n fi Bàbá sílẹ̀ nínú ilé wọn. Sístà Fúnmiláyọ̀ ní tirẹ̀ sunkún títí. Ó ní òfin tí Màámi kọ́ àwọn làwọn ń tẹ̀ lé, pé ní gbogbo ìlú, kò sí ẹni tó dá wà tó yín. Òótọ́ ló sọ.

Mo mọ̀ pé inú á bí yín pé mo tú àṣírí yín síta. Ohun tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ fún ìjọ, mo wá ń tẹ́ ẹ sójú ọjà. Ẹ dárí jì mí. Wọ́n ti pè yín ní aláìmoore, wọ́n ní ẹ lé àwọn tó wẹ òkú ìyàwó yín. N ò lè gbà á kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ bàbá mi. Kí ẹni tó gbọ́ tàkọ́kọ́ gbọ́ èyí náà.

Torí náà, n ò ní kí ẹ wá sí Àbújá. Ọkọ mi ti dá ẹrù padà sínú yàrá. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó ń bọ̀, àwọn obìnrin ìjọ á tún wá. Wọn ò ní gbé oúnjẹ lọ́wọ́, mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọn ò ní wàásù, wọn ò sì ní béèrè nípa ìrìbọmi, kẹ́ẹ̀gì yín wà níbi tó wà. Wọ́n kàn fẹ́ wá jókòó tì yín bí Màámi ṣe ń jókòó ti ènìyàn, kí ẹ jọ máa wo ilẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Àwọn náà ń ṣọ̀fọ̀, Bàbá. Ìyá wọn ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Èmi náà ń bọ̀. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ wọ mọ́tò ní gáréèjì Jabi, mo sì ń mú Tọ́mi bọ̀ kí ó wá fi Yorùbá kí yín. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ náà, èmi ni n ó dáná ní ilé ìdáná Màámi. N ó ro ọkà, n ó se ọbẹ̀, ọwọ́ ni n ó fi wọn iyọ̀. A ó gbọ́ ladáànì. N ó bù ú wá, n ó fa àpótí wọn, n ó jókòó tì yín.

Kí Ọlọ́run tí Màámi sìn máa tọ́jú yín fún wa. Kí ó má jẹ́ kí ilé yẹn dákẹ́. Kí ẹ dàgbà, kí ẹ darúgbó, kí ẹ rí ìgbéyàwó Tọ́mi. Mo kí Alhaja, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Mo kí gbogbo ìyá ìjọ, mo kí Òkè-Ọjà lápapọ̀. Tí mo bá sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá, ẹ mú òkèlè àkọ́kọ́, ẹ fajú ro, kí ẹ ní iyọ̀ ò dé e. Ààwẹ̀ á ti tán. Màá tọ́ ọ wò.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé